Owó Ẹni Tí Kò Wá

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí onílé jíìmù fẹ́ràn jù, ẹ má wulẹ̀ bi í léèrè, ìwé owó rẹ̀ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe n'Íbàdàn níbí, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn onílé jíìmù ti wà lára àwọn tí mò ń bá tọ́jú ìwé. Mo ti rí ìwé àwọn ti Bódìjà, mo ti rí ti Ring Road, mo sì ti rí ti àwọn kan l'Ékòó. Oníbàárà tó ń mú èrè wá jù nínú gbogbo wọn kì í ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé irin láràárọ̀, tó ń ya fọ́tò ara rẹ̀ níwájú dígí. Ìyẹn ń jẹ iná, ó ń lo omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jẹ bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìsáré lójoojúmọ́. Èyí tí ọ̀gá fẹ́ràn ni ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan tó san owó ọdún kan gbáko nínú oṣù kìíní, tó wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹnikẹ́ni kò sì fojú kàn mọ́ títí ọdún fi parí. Owó rẹ̀ wọlé, ara rẹ̀ kò wọlé.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lórí ìlawọ́ àti ìwọra nídìí òwò eré ìdárayá, orí obìnrin yìí ló dá lé. Báwo ni jíìmù ṣe ń ṣe sí ẹni tí kò wá? Báwo ló ṣe ń ṣe sí ẹni tó fẹ́ lọ? Ẹ̀rín tí wọ́n ń rín sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú owó bọ̀, ta ni kò lè rín irú rẹ̀?

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ṣírò ọ̀rọ̀ yìí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2006, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Stefano DellaVigna àti Ulrike Malmendier, tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ń pè ní American Economic Review. Jíìmù mẹ́ta ni wọ́n yẹ ìwé wọn wò fún ọdún mẹ́ta, oníbàárà tó wà níbẹ̀ sì lé ní 7,700. Àwọn tó ń san owó oṣooṣù ń san ju dọ́là 70 lọ lóṣù, wọn kì í sì í wá ju bí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ, ìyẹn ni pé wíwá ẹ̀ẹ̀kan ń ná wọn ní ohun tó lé ní dọ́là 17. Bẹ́ẹ̀, jíìmù kan náà ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ẹ̀mẹwàá ní dọ́là 100, dọ́là mẹ́wàá fún ẹ̀ẹ̀kan! Nígbà tí wọ́n bi àwọn oníbàárà pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n rò pé àwọn yóò máa wá lóṣù, iye tí wọ́n dá ju ìlọ́po méjì iye tí àwọn èèyàn ń wá lọ. Ẹni tó sì ti pa jíìmù tì pátápátá ṣì ń sanwó fún ohun tó lé ní oṣù méjì kó tó lọ fagi lé e.

Ìrètí ni wọ́n rà. Kò sí òfin tó ní kéèyàn má ta ìrètí, àwọn onílọ́tíríì ń tà á ní gbogbo oríta wa. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká ya ẹni tó ń ta ìrètí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ti mọ̀ pé ìrètí náà kò ní ṣẹ, tó sì ti ṣètò owó ilé rẹ̀ lórí pé kò ní ṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká wo Planet Fitness, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Dover, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, lọ́dún 1992. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, dọ́là mẹ́wàá péré ni owó oṣù wọn tó kéré jù, àfi ìgbà tó di ọdún 2024 tí wọ́n sọ ọ́ di dọ́là 15 fún ẹni tuntun. Wọ́n gbajúmọ̀ tẹ́lẹ̀ fún písà ọ̀fẹ́ tí wọ́n máa ń fún oníbàárà lẹ́ẹ̀kan lóṣù. (Písà, nínú ilé tí èèyàn ti lọ ń wá bí ọ̀rá ṣe máa kúrò níkùn!) Lọ́dún 2014, iléeṣẹ́ rédíò NPR ròyìn pé ẹ̀ka wọn kan máa ń ní nǹkan bí 6,500 oníbàárà, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú ilé wọn kò lè gbà ju nǹkan bí 300 èèyàn lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò: bí ẹnì kan nínú ogún bá dìde láti wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, ilé ti kún àkúnya. Dọ́là mẹ́wàá kéré débi pé kò ní dun ẹnikẹ́ni tó láti dìde lọ fagi lé e, ibẹ̀ gan-an sì ni ọgbọ́n náà wà.

N kò ní pe gbogbo rẹ̀ ní ìwọra. Talákà tó ń lọ lójoojúmọ́ rí ẹ̀rọ tó dára lò lówó pọ́ọ́kú, nítorí pé ẹni tí kò wá ti bá a san ìyókù. Wọ́n tún ti ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ iléèwé girama lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn wọn, mo sì kan sáárá sí wọn fún ìyẹn. Àmọ́ owó pọ́ọ́kú kì í ṣe ìlawọ́. Ọjọ́ tí oníbàárà bá ní òun fẹ́ máa lọ la ó mọ èyí tó jẹ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, àjọ FTC tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà gbé iléeṣẹ́ tó ni LA Fitness lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀sùn wọn ni pé iléeṣẹ́ náà sọ jíjáde di iṣẹ́ àṣelàágùn: kí oníbàárà wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, kó wá fọ́ọ̀mù kan, kó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kó wá gbé e lọ bá mánéjà kan pàtó, tàbí kó fi í ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́. Iléeṣẹ́ náà ní ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ilé ẹjọ́ ni yóò sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ló tún ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nílé lóde òní? FTC yìí kan náà ti gbé òfin kan kalẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, pé bí wíwọlé bá ṣe rọrùn tó ni jíjáde gbọ́dọ̀ rọrùn tó. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wọ́gi lé e ní oṣù keje ọdún 2025, nítorí ìgbésẹ̀ kan tí àjọ náà fò nígbà tó ń ṣe òfin ọ̀hún.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, ẹjọ́ kan wà tí mo máa ń fẹ́ kí gbogbo onílé jíìmù kà. Lọ́dún 2011, Adájọ́ Kitchin dá ẹjọ́ tó wà láàárín OFT, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà nígbà náà, àti iléeṣẹ́ Ashbourne, tó máa ń bá àwọn jíìmù kéékèèké kọ ìwé àdéhùn, tó sì ń bá wọn gbowó. Àdéhùn wọn lè dè èèyàn fún ọdún kan, ọdún méjì, tó fi dé ọdún mẹ́ta. Adájọ́ náà rí i pé àwọn tó gbé ètò yìí kalẹ̀ mọ ohun tí àwọn onímọ̀ méjèèjì yẹn rí ní Amẹ́ríkà, pé èèyàn máa ń rò pé òun yóò wá ju bó ṣe ń wá lọ. Ó ní ńṣe ni wọ́n dìídì ṣètò òwò náà láti fi àìgbọ́n àti àìnírìírí oníbàárà jẹun. Àwọn àdéhùn tó dè wọ́n kọjá ọdún kan kò bá ẹ̀tọ́ mu lójú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìdájọ́ yẹn nítorí pé kò bá oníbàárà wí fún ọ̀lẹ. Ó gbà pé ọ̀lẹ ni wá, ó wá bi ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ léèrè ohun tó fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣe.

Lọ́dọ̀ wa níbí, ọ̀nà mìíràn ni ìwọra ń gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ wa kì í gbà kí ẹnikẹ́ni máa yọ owó nínú àkáǹtì wa lóṣooṣù láìjẹ́ pé a mọ̀ sí i. Onílé jíìmù mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó wá ń gbà á lẹ́ẹ̀kan. Owó ìforúkọsílẹ̀ kọ́kọ́ wà, èyí tí n kò tíì rí ẹni tó lè ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń fi ṣe, nígbà tó jẹ́ pé bébà kan àti káàdì kan ni. Pírómò oṣù kìíní wá tẹ̀ lé e: san owó oṣù mẹ́sàn-án, kó o lo ọdún kan. Lára ògiri lẹ́yìn tábìlì, wọ́n á fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ pé owó tí a bá ti san, a kì í dá a padà.

Mo jókòó sí kọ̀rọ̀ kan nínú ọ̀kan nínú àwọn jíìmù wọ̀nyí lọ́jọ́ kan, mò ń to rìsíìtì, nígbà tí obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Gbági wọlé pẹ̀lú àbúrò rẹ̀. Ó ti san owó ọdún kan nígbà pírómò. Ó lóyún, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yọ, dókítà sì ní kó lọ jókòó sílé.

"Ẹ káàsán, Àǹtí," ni ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì kí i. "Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o."

"Káàsán, ọmọ dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá tèmi dúró. Mi ò ní kẹ́ ẹ dá owó padà o. Tí mo bá bímọ tán, màá wá lo èyí tó kù."

Ọmọbìnrin náà wo kọ̀ǹpútà. "Àǹtí, ọ̀sẹ̀ méjì péré la lè dá a dúró. Ó wà nínú fọ́ọ̀mù."

"Ọ̀sẹ̀ méjì? Ṣé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ fi ń bímọ níbí ni?"

Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mánéjà jáde, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. "Màdáámù, ẹ má bínú. Ìlànà iléeṣẹ́ ni. Ẹ lè fi sílẹ̀ fún ẹlòmíì, àbúrò yín lè máa lò ó, kìkì pé ẹ máa san owó díẹ̀ tí a ó fi pààrọ̀ orúkọ." Obìnrin náà wò ó títí. Ó ní, "Ẹ ṣeun o. Ọlọ́run á san án fún yín." Ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ọmọ Ìbàdàn kan nínú ilé náà tó rò pé ó ń súre.

Mo mọ ìwé jíìmù yẹn. Bí wọ́n bá dá ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn dúró fún ọdún kan, kò sí kọ́bọ̀ tí yóò jáde nínú àpótí wọn lọ́jọ́ náà. Owó ilé kò ní yí padà, dísù kò ní yí padà. Ohun tí wọ́n ń sá fún ni pé lọ́dún tó ń bọ̀, ẹnì kan yóò wá lo ohun tó ti san owó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹ mọ bí ìròyìn ṣe ń rìn ní Gbági, láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Owó tí wọ́n fi polówó ara wọn lórí rédíò lọ́dún yẹn wà nínú ìwé tí mo kọ, ó sì ju owó ọdún kan obìnrin yẹn lọ fíìfíì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi. Owó ọdún kan tí ẹnì kan san ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní, nígbà tí oṣù náà bá parí, ìdá kan nínú méjìlá rẹ̀ ló di ti jíìmù. Ìdá mọ́kànlá tó kù, gbèsè ni. Èrò tèmi kọ́ nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò níbi gbogbo ni. Àmọ́ àlẹ́ẹ̀tì báńkì kì í kọ gbèsè síwájú owó. Ọ̀gá á rí mílíọ̀nù mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, á san owó ilé, á ra ẹ̀rọ tuntun méjì, á fi èyí tó kù pààrọ̀ ọkọ̀. Nígbà tí yóò bá fi di oṣù keje, àwọn tó sanwó ṣì ní ẹ̀tọ́ oṣù mẹ́fà níwájú, owó wọn sì ti tán pátápátá. Ó di dandan kó wá àwọn tuntun, kó lè fi owó wọn ra dísù fún àwọn ti àkọ́kọ́. Ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ẹ̀rọ amúlétutù á bàjẹ́, a kò ní rí ẹni tún un ṣe. Jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ láti aago márùn-ún àárọ̀ á di aago méje, á di ìrọ̀lẹ́ nìkan. Lọ́jọ́ kan, ẹ ó bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bébà pélébé kan tó ní wọ́n ti kó lọ. Ibo ni wọ́n kó lọ? Bébà kò sọ.

Mo mọ̀ pé òwò yìí le. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná Band A fò lọ́jọ́ kan ṣoṣo láti nǹkan bí naira 68 sí naira 225 lórí ìwọ̀n kan. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ẹ̀rọ ìsáré wọlé, gbogbo wa la sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí naira láti oṣù kẹfà ọdún 2023. Onílé tó yá wọn ní gbọ̀ngán ń gba owó ọdún kan tàbí ọdún méjì lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ wọ ibẹ̀, nítorí náà ohun tí wọ́n ṣe sí wọn ni wọ́n ń ṣe sí ẹlòmíì. Gbogbo rẹ̀ ló yé mi. Ohun tí kò yé mi ni bó ṣe jẹ́ pé ọ̀wọ́n dísù ló fa kí wọ́n má lè dá orúkọ aláboyún dúró.

Nígbà kòrónà, a rí ìlawọ́ àti ìwọra lójú kan náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí ìjọba ti jíìmù pa, PureGym ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá owó gbogbo oníbàárà wọn dúró, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lọ bẹ̀ wọ́n. Ní New York, Town Sports International, tó ni New York Sports Clubs, ń yọ owó oníbàárà lọ nígbà tí ìlẹ̀kùn wà ní títì, títí Letitia James, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà, fi dá sí i ní oṣù kẹrin. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n lọ sílé ẹjọ́ pé àwọn kò lè san gbèsè mọ́. N kò ní sọ pé ìwọra ló pa wọ́n, kòrónà ṣe àwọn mìíràn tí kò hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ léṣe. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n nílò àánú oníbàárà jù ni wọ́n ń fọwọ́ bọ oníbàárà lápò.

Lẹ́yìn ọgbà mẹ́káníìkì kan ní Mọ́kọ́lá, ibì kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní ilé irin. Kò ní òrùlé tó péye. Ẹ̀ẹ́sù ọkọ̀ àtijọ́ ni wọ́n sọ di irin tí wọ́n ń gbé, kọnkéré tí wọ́n dà sínú ike ọ̀dà ló jẹ́ òṣùwọ̀n rẹ̀. Ọkùnrin tó ni ín, Kóòṣì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, owó ojúmọ́ ló ń gbà. Ẹni tó bá wá ló ń sanwó. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́káníìkì tí kò ní, ó ń gbálẹ̀, ó ń to irin, ó sì ń gbé tirẹ̀ bíi ti gbogbo èèyàn. Bí ẹnì kan bá pa ibẹ̀ jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, Kóòṣì á rán ọmọ sí i nílé: "Wọ́n ní kí n bi yín bóyá ara yín le." Ojú àánú Kóòṣì wà níbẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé bí ẹ kò bá wá, kò jẹun. Ọ̀nà tó gbà ń gbowó ló jẹ́ kó máa wá yín. Bí alájọ ṣe rí nìyẹn: owó ọjọ́ kan lóṣù ni tirẹ̀, ẹni tó ń dájọ sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó mú kọ́bọ̀ kan sílẹ̀. Ká ní Alájọ Ṣómólú ní fọ́ọ̀mù tó sọ pé òun kì í dá owó padà ni, ta ni ì bá máa fi orí pípé rẹ̀ ki ara wọn títí dòní?

Ẹ má rò pé mo fẹ́ kí gbogbo wa lọ gbé kọnkéré. Obìnrin kì í rí ara gba níbẹ̀, ìfé tí àwọn ọmọkùnrin yẹn ń fé kò ṣeé gbọ́. Bí irin bá já lu èèyàn, kò sí àpótí ìtọ́jú. Ọmọ kan tún máa ń wá síbẹ̀ tó ń ta abẹ́rẹ́ fún àwọn tó fẹ́ kí apá wọn tètè wú, Kóòṣì ti lé e lẹ́ẹ̀kan, ó padà wá.

Àwọn kóòṣì inú jíìmù ńlá kò rí bíi Kóòṣì ilé irin yìí, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn. Owó oṣù wọn kéré, ìpín lórí ẹni tí wọ́n bá rí mú ni wọ́n fi ń gbé ẹbí. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ tí ọ̀kan ń sọ fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ pé ikùn rẹ̀ ti bàjẹ́, pé àfi kó ra ètò oṣù mẹ́ta àti tíì tó ń fọ ọ̀rá, iye tí ọ̀gá ní kó pa lóṣù yẹn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ìlawọ́ pọ́ńbélé wà láyé o. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 2004, Paul Sinton-Hewitt kó èèyàn 13 jọ ní Bushy Park, ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sáré kìlómítà márùn-ún. Ohun tó di parkrun nìyẹn. Ó ti dé orílẹ̀-èdè tó lé ní ogún báyìí, ọ̀fẹ́ sì ni títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń ṣètò rẹ̀. Lọ́dún 2016, ìgbìmọ̀ àdúgbò Stoke Gifford, nítòsí Bristol, ní kí wọ́n máa san nǹkan nítorí ọgbà tí wọ́n ń lò. Àwọn parkrun kò gbà, wọ́n sì fi ọgbà náà sílẹ̀ fún wọn. Lọ́dún 2016 yẹn kan náà, ìjọba ìbílẹ̀ Southwark, tí Peckham wà nínú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lo jíìmù àti odò ìwẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì àti ní ọ̀sán òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Peckham ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Ó ní bí òun bá dé ibẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé, "ẹ káàsán" lòun ń kí kiri bí ìgbà tí òun wà ní Mọ́níyà. Owó orí ló ń gbé ìyẹn ró, kò sí idán níbẹ̀. Àwa náà ní Pápá Ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Íbàdàn láti ọdún 1960, a ní ti Sùúrùlérè l'Ékòó láti ọdún 1972. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe tọ́jú ti Sùúrùlérè, kó lọ wò ó.

N kò retí kí oníṣòwò ṣe bíi ti Southwark. Ohun tí mo retí kò ju ohun tó ti wà nínú òfin ilẹ̀ wa lọ. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, ní abala 127, kò gba kí ẹnikẹ́ni tajà tàbí ṣiṣẹ́ fún oníbàárà lábẹ́ àdéhùn tó ń rẹ́ ẹ jẹ. Àjọ FCCPC ló ń mú un ṣẹ, àwọn ará Èkó sì tún ní àjọ LASCOPA tiwọn. Lẹ́tà pupa lára ògiri kò lágbára ju òfin ìjọba àpapọ̀ lọ, ó kàn jẹ́ pé ẹni tó ń wò ó kò mọ̀ ni. Kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà mí máa mú fọ́ọ̀mù lọ sílé kí ẹ tó sanwó. Jíìmù tó bá ní ojú ẹsẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ̀ ọ́, nítorí pé pírómò ń parí lónìí, ẹ jẹ́ kó parí.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ti gbọ́ àròyé mi débi tó fi ní kí n wá ṣe é bí mo ṣe ń sọ ọ́. A ya àkáǹtì sọ́tọ̀. Owó ọlọ́dún kan ń wọ inú rẹ̀, ìdá kan nínú méjìlá péré ni wọ́n ń mú kúrò níbẹ̀ lóṣù. Aláboyún, aláìsàn, ẹni tó rìnrìn-àjò, ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á dá tirẹ̀ dúró láìbéèrè ìwé dókítà. Wọ́n tún ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ẹ̀mẹwàá tí ọjọ́ kì í kọjá lórí rẹ̀. Oṣù kìíní àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, nítorí kò rí owó ńlá tó máa ń rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù keje, kò lọ yá owó dísù, àwọn kan tí wọ́n dá tiwọn dúró sì ti padà wá, wọ́n mú ọ̀rẹ́ dání.

Owó ìforúkọsílẹ̀ nìkan ló kù tí kò fẹ́ fi sílẹ̀. Mo ní kó yọ ọ́, kó fi iye tó bá nílò kún owó oṣù ní gbangba, kí oníbàárà lè rí i. "Akáńtáǹtì mi," ló ń sọ lọ́jọ́ tí mo lọ kẹ́yìn, "gbogbo rẹ̀ lẹ ti gbà lọ́wọ́ mi tán, ẹ jẹ́ kí n rí nǹkan kékeré yìí jẹ." Mo bi í pé kí ló ń fi owó náà ṣe fún oníbàárà. Ó ní káàdì. Mo ní èló ni káàdì kan. Ó dárúkọ rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo kọ owó ìforúkọsílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì yí ìwé náà sí i. Ó ní òun yóò rò ó wò dópin oṣù.